Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Owó Ẹrù àti Ọkọ̀ Tó Ń Padà Bọ̀ Lófìfo

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Gànmọ̀ ni mo ń gbé, ọkọ̀ akẹ́rù kan ṣoṣo ni mo ní, èmi náà ni mo sì ń wà á. Iṣu àti àgbàdo ni mo máa ń kó láti Ìlọrin lọ sí Èkó. Bí mo bá já ẹrù tán, kì í rọrùn kí n tó rí ohun tí màá kó bọ̀ wálé. Nígbà mìíràn òfìfo ni mo ń wà bọ̀. Owó tí àwọn oníbàárà ń san kò kéré lójú, síbẹ̀ bí táyà bá bẹ́ tàbí tí ẹ́ńjìnnì bá ń fẹ́ àtúnṣe, n kì í rí owó nílẹ̀. Báwo ni mo ṣe lè mọ iye tó yẹ kí n gbà? Ṣé kí n máa gba ẹrùkẹ́rù tí wọ́n bá fi lọ̀ mí ní Èkó, kódà bí owó rẹ̀ bá kéré?
Awakọ̀ kan, Gànmọ̀

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé sí wa. Owó tó pọ̀ lójú tí kò sì sí nílẹ̀, ìṣirò ló fà á, kì í ṣe pé ẹ kò ṣiṣẹ́ kára. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ tó dá dúró ló ń ka ìlọ nìkan sí ìrìn-àjò nígbà tí wọ́n bá ń dá iye owó ẹrù. Láti Ìlọrin dé Èkó tó nǹkan bíi 300 kìlómítà. Bí oníbàárà bá san ₦400,000, ẹni tó bá pín in sí ọ̀nà 300 yóò rí i pé ohun tó lé ní ₦1,300 ni òun gbà lórí kìlómítà kan, ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ padà sílé. Kìlómítà 600 ni yóò rìn, èyí tó wá sí orí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì tó ₦670. Táyà ń jẹ, ọ́ìlì ń gbó, kòtò ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ sì ń ṣe ọkọ̀ léṣe, bí ẹrù tilẹ̀ ti kúrò lórí rẹ̀. Nítorí náà, níbikíbi tí ẹrù ìpadàbọ̀ kò bá ti dájú, iye tí ẹ máa dá fún oníbàárà ní Ìlọrin gbọ́dọ̀ gbé àlọ àti àbọ̀.

Ní ti ẹrùkẹ́rù tí wọ́n bá fi lọ̀ yín ní Èkó, ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe é, kí ẹ sì fi iye tiyín rọ́pò rẹ̀. Ká ní lítà dísù kan jẹ́ ₦1,200, ká ní ọkọ̀ yín ń fi lítà kan rin kìlómítà méjì àbọ̀ bí ẹrù bá wà lórí rẹ̀, tó sì ń fi rin mẹ́rin bó bá ṣófo. Bí ẹ bá wà á bọ̀ lófìfo, lítà 75 ni yóò jó, ìyẹn ₦90,000. Bí ẹ bá kẹ́rù bọ̀, lítà 120 ni, ìyẹn ₦144,000. Ẹrù ìpadàbọ̀ ti fi ₦54,000 kún owó dísù nìyẹn. Ká wá ní ₦150,000 ni wọ́n fẹ́ san, tí ajẹ́ńtì tó bá yín wá a yóò sì mú ìdá kan nínú mẹ́wàá, ₦15,000. Bí ẹ bá yọ èyí àti àfikún owó dísù náà kúrò, ohun tó kù jẹ́ ₦81,000. Bí ẹ bá rí ẹrù náà gbé ní ọjọ́ tí ẹ já ti àkọ́kọ́, ẹ gbà á, ó dára. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró fún ọjọ́ méjì kí ẹ tó rí i, tí ọjọ́ kan sì ń ná yín ní ₦40,000 lórí oúnjẹ ẹ̀yin àti ọmọ ọkọ̀, ibi ìgbọ́kọ̀sí, àti ohun tó yẹ kí ẹ máa yọ sílẹ̀ fún táyà àti àtúnṣe, ₦1,000 péré ni ẹ mú bọ̀ wálé. Ẹni tó ti wa òfìfo padà ní ọjọ́ kejì, tó sì bá ẹrù iṣu mìíràn nílẹ̀ ní Ìlọrin, ti jèrè jù yín lọ dáadáa.

Ìdúró ni mo fẹ́ kí ẹ máa ṣọ́ ju òfìfo lọ. Àwọn awakọ̀ máa ń bẹ̀rù òfìfo nítorí pé ojú ń rí i, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọkọ̀ fi jókòó ní gáréèjì kò lárinwo, owó rẹ̀ sì pọ̀. Kí ẹ tó kúrò ní Ìlọrin ni kí ẹ ti pinnu iye wákàtí tí ẹ máa dúró ní Èkó àti iye owó tó kéré jù tí ẹ máa gbà fún ẹrù àbọ̀. Kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹrù ìpadàbọ̀ nígbà tí ẹ̀ ń di iṣu lọ́wọ́, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá já a tán ní Mile 12.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ń dun ọ̀pọ̀ awakọ̀ Ìlọrin, mo sì mọ̀ pé kò rọrùn láti gbọ́. Tírélà tó gbé ọjà ilé iṣẹ́ wá láti Èkó, tó já a sí Ìlọrin, ń wá ohun tí yóò kó padà. Lójú rẹ̀, Ìlọrin ni ibi ìpadàbọ̀; iye yòówù tó bá ti ju àfikún dísù lọ, èrè ni fún un. Ìdí nìyẹn tí oníbàárà fi lè sọ fún yín pé ẹnì kan ti gbà láti gbé ẹrù òun ní ìdajì owó yín, tó sì jẹ́ òótọ́ ló sọ. Ẹ má ṣe bá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ du iye owó, nítorí ìlọ tirẹ̀ ti sanwó kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ṣùgbọ́n tiyín kò tíì bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tí kò lè ṣe ni kí ẹ dì mú. Ó ń kánjú, kò sì mọ abúlé. Iṣu tó wà lóko ní agbègbè Kaiama àti Baruten, ìrẹsì Pàtígì, kajú tí wọ́n ń kó jọ ní àwọn ìlú gúúsù Kwara ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo wọn ń fẹ́ ẹni tí yóò wọ inú oko, tí yóò dúró de agbẹ̀, tí olówó ẹrù sì mọ ilé rẹ̀. Oníṣòwò tó ti pàdánù ẹrù rí yóò san owó tó jù bẹ́ẹ̀ lọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Àsìkò náà ní ìtumọ̀. Bí iṣu tuntun bá dé ní nǹkan bí oṣù keje sí ìkẹjọ, ọkọ̀ á wọ́n ní Kwara, á sì pọ̀ ní Èkó. Ìgbà yẹn ni kí ẹ gba owó àlọ àti àbọ̀ lórí iṣu, kí ẹ má sì gbójú lé ohunkóhun ní Èkó. Nígbà tí ọdún Iléyá tàbí Kérésì bá ń bọ̀, tí àwọn oníṣòwò Ìlọrin ń kó ọjà wá, ẹrù àbọ̀ máa ń dára sí i. Bákan náà, owó dísù ti ń tẹ̀lé ọjà tipẹ́tipẹ́ kí ìjọba àpapọ̀ tó yọ owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, nítorí náà ẹ má ṣe bá oníbàárà ṣe àdéhùn olóṣù mélòó kan láìkọ ọ́ sínú rẹ̀ pé bí dísù bá gbówó lórí, owó ẹrù yóò yí padà.

Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1978, ibùdó àwọn awakọ̀ kan ní Portland, ní ìpínlẹ̀ Oregon, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹrù tó wà nílẹ̀ hàn lójú ẹ̀rọ kí awakọ̀ tó ti já ẹrù lè mọ ohun tí yóò kó padà. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ DAT, tó ń jẹ́ kí awakọ̀ mọ ibi tí ẹrù wà, ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin kò nílò ẹ̀rọ ńlá. Awakọ̀ bíi mẹ́wàá tó fọkàn tán ara wọn, tí wọ́n wà lórí WhatsApp kan náà, tí wọ́n sì ń sọ ẹrù tí wọ́n rí àmọ́ tí wọn kò lè gbé, ti tó láti bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè: Ọkọ mi fi ọkọ̀ akẹ́rù kan sílẹ̀ fún mi, mo sì gba awakọ̀ sí i. Láìpẹ́ yìí, oníbàárà kan dá ọkọ̀ náà dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ó ní kò sí àyè láti já ẹrù. Kò san kọ́bọ̀ lé owó ẹrù. Ṣé mo lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè?
Ìyá kan, Ọ̀ffà

Ìdáhùn: Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè, ìyá wa, ṣùgbọ́n bí kò bá sí lákọsílẹ̀, inú rere rẹ̀ nìkan ni yóò fi san án. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ kọ ọ́ sórí wébìlì, ìyẹn ìwé tó ń bá ẹrù rìn, kí ọkọ̀ tó gbéra pé lẹ́yìn wákàtí 24 tí ọkọ̀ bá ti dé, iye báyìí ni ọjọ́ kan, kí oníbàárà sì fọwọ́ sí i. Kí awakọ̀ yín ya fọ́tò ibi tí ọkọ̀ wà ní ọjọ́ tó dé, kó sì fi ránṣẹ́ sí yín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Oníbàárà tó bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i ti sọ bí yóò ṣe ṣe fún yín.

Ìbéèrè: Ṣé ó dára kí n máa wa òfìfo láti Òmù-Àrán gba Ẹ̀gbẹ̀ àti Kàbbà lọ sí Obajana láti lọ kó sìmẹ́ńtì?
Ọlọ́kọ̀ kan, Òmù-Àrán

Ìdáhùn: Bí owó tí wọ́n ń san fún kíkó sìmẹ́ńtì náà bá gbé àlọ yín lófìfo pẹ̀lú àbọ̀ yín, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ pe ẹni tó wà níbẹ̀ kí ẹ tó jáde, kí ẹ mọ bí ìlà ọkọ̀ tó ń dúró láti kẹ́rù ṣe gùn tó, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Òmù-Àrán àti Àjàṣẹ́-Ìpo bóyá ẹnì kan ní ẹrù tó ń lọ sí Kàbbà tàbí Lọ́kọ́jà. Kódà ìlàjì ẹrù tó san owó dísù àlọ nìkan yóò jẹ́ kí ẹ lè dá iye tó tọ́ lórí sìmẹ́ńtì láìfi ojú ẹbẹ wo oníbàárà.