Owó ìrànwọ́ fún àtúnṣe ọjà Kuje

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bèèrè bóyá ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù Kuje, l'Abuja, lè rí owó ìrànwọ́ fi tún àárín ìlú ṣe. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ohun tí gbogbo ọjà jọ ń lò ni kẹ́ ẹ tọrọ: gọ́tà, iná, ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Nígbà CSDP, ìyẹn ètò ìdàgbàsókè ìlú tí Báǹkì Àgbáyé ń náwó sí nígbà kan, ìlú fúnra rẹ̀ ń dá ìdá 10 nínú 100 owó iṣẹ́ náà. Iyanrìn àti iṣẹ́ ọwọ́ tí ará ìlú bá mú wá náà wà lára ìdá 10 yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ṣe ti àwa Yorùbá nìkan. Ẹ kọ́kọ́ lọ kí Gomo, ọba Kuje, kẹ́ ẹ pe àwọn Gbagyi àtàwọn Hausa sí ìpàdé, kí ìyá aláta tí àgbàrá ń wọ abẹ́ tábìlì rẹ̀ náà sọ tẹnu ẹ̀. Ẹ ya fọ́tò gọ́tà yẹn lọ́jọ́ òjò gan-an, kẹ́ ẹ fi mọ́ ìwé tẹ́ ẹ máa fi tọrọ owó náà.