Ẹran yíyan ní Guangzhou: má gbé èédú sí bákónì

Àbúrò mi, kú ìnáwó ọmọ o. O béèrè ibi tí o ti lè ra àdògán àti èédú ní Guangzhou ní ilẹ̀ Ṣáínà níbí, kí o lè yan súyà ní bákónì lọ́jọ́ ìbí ọmọ rẹ. Àdògán pọ̀ lọ jàra lórí Taobao, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọn. Bákónì yẹn ni kí o gbàgbé.

Àjà kọkàndínlógún ni mò ń gbé nígbà tí mo dán an wò. Láti alẹ́ ni mo ti fi ata gígún àti ẹ̀pà pa ẹran àgùntàn lára. Kí èédú tó pọ́n tán, ẹ̀ṣọ́ ilé ti ń gbá ilẹ̀kùn: èéfín ti wọ aṣọ tí ìyá àgbà òkè wa sá. Ẹ̀ṣọ́ yìí fúnra rẹ̀ ló nawọ́ sí gbangba ẹ̀yìn ilé pé ká máa lọ síbẹ̀. A paná, a kó gbogbo ẹrù wọ lífìtì, a tún dáná mìíràn. Kò pẹ́ tí àwọn chengguan tó ń mójú tó ètò ìgboro fi dé. Wọ́n gbé àdògán mi sínú mọ́tò tòun tẹran, ọ̀rá ṣì ń kán sórí iná, ó ń dún ṣàà. Ìyàwó mi dúró, abọ́ àlùbọ́sà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n bu 500 yuan lé mi. Òfin tí Ṣáínà fi ń dènà ìbàjẹ́ afẹ́fẹ́, tí wọ́n ń lò láti 2016, lè gbà tó 20,000 yuan lọ́wọ́ ẹni tó yan ẹran ní gbangba níbi tí ìjọba ti kà á léèwọ̀. Ẹ̀ṣọ́ tó rán wa síbẹ̀ kò la ẹnu. Mo lọ béèrè ibi tí wọ́n gbà á láyè. Ọ́fíìsì kan tì mí sí èkejì, èkejì dá mi padà. Ó ń dùn mí títí dòní.

Nongjiale ni kí o wá, àwọn oko ìgbafẹ́ tó wà lẹ́yìn ìlú. Ọ̀pọ̀ wọn ní ojú ààrò, wọ́n sì ń ta èédú. Béèrè kí o tó sanwó bóyá wọ́n á jẹ́ kí o gbé ẹran tìrẹ wá. Lọ́dọ̀ alápatà tó kọ 清真 (ìyẹn halal) síwájú ìsọ̀ ni kí o ti ra àgùntàn, Mùsùlùmí ni wọ́n.

Bí òjò bá dé, jọ̀ọ́, má gbé èédú wọlé. Gáàsì rẹ̀ kò ní òórùn, ó sì ń pààyàn lójú oorun. Bí àlejò tí kì í ṣe ọmọ Ṣáínà bá sì sùn sílé rẹ, kó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá láàárín wákàtí 24.

Èédú igi eléso ló dáa jù. Èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà sí kó lè tètè gbiná, jẹ́ kí eérú funfun bò ó kí o tó gbé ẹran lé e.