Ìdun Kò Jẹ́ Ká Sùn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mẹ́jọ là ń sùn nínú rúùmù kan ní ilé àkẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin ní Ilé-Ifẹ̀. Mẹ́fà ló ní bẹ́ẹ̀dì, méjì jẹ́ skwọ́tà. Ìdun ń jẹ wá ní òròòru. Mo sá fóòmù mi sóòrùn, mo wọ́n òtapíapía sí i, kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí wọ́n fi tún yọ. Kí ni kí n ṣe?
Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì

ÌDÁHÙN: Àbúrò, òtapíapía yẹn ló kọ́kọ́ kọ wá lóminú. Dichlorvos ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, májèlé gidi ni, èèyàn kì í sùn lé e. Láti 2019 ni NAFDAC ti fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ káàkiri. Fóòmù tó ti mu ún, jọ̀ọ́, má sùn sórí rẹ̀ mọ́. Kẹrosíìnì náà kò dáa, nítorí iná.

Ìdí tí wọ́n fi padà rèé: ẹyin ìdun máa ń pa láàárín bí ọjọ́ 6 sí 10, oògùn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Bí o bá sì fọ tìrẹ nìkan, ti bẹ́ẹ̀dì kejì á rìn wá bá ọ.

Ooru ló ń pa á tẹyin-tọmọ. Ẹ mú Sátidé kan, kí ẹ̀yin mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kó ẹrù síta, àti báàgì skwọ́tà. Ẹ wá àmì dúdú wínníwínní, bí ìgbà tí yíǹkì bírò kán sílẹ̀: ojú rírán fóòmù, oríkèé irin bọ́ńkì, ihò ìṣó, ẹ̀yìn lókà. Ìgbẹ́ ìdun ni. Omi tó ń hó ni kí ẹ rọra dà sí oríkèé irin, kì í ṣe èyí tó lọ́ wọ́ọ́wọ́, ẹ má sì jẹ́ kó kan ojú iná mànàmáná. Ẹ rẹ aṣọ àti bẹ́ẹ̀dìṣíìtì sómi gbígbóná fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú; èyí tí kò ṣeé rẹ, ẹ fi áyọ́ọ̀nù tẹ ojú rírán rẹ̀ dáadáa. Òòrùn nìkan kò tó fún fóòmù, ìdun á sá sápá tó tutù. Ẹ fi ọ̀rá tó nípọn wé e, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ pinpin, ẹ má sì tú u: ìdun lè gbé oṣù púpọ̀ láìjẹun.

Ẹ fa bọ́ńkì kúrò lára ògiri. Ẹ ki ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ agolo tí omi ọṣẹ wà nínú rẹ̀, kí aṣọ tàbí àwọ̀n ẹ̀fọn má sì kan ilẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ rúùmù ti ń sọ̀lẹ, nítorí pé ara ti tù wọ́n. Bí ẹ bá sì fẹ́ ra fóòmù àlòkù lọ́wọ́ àwọn tó ń jáde, ẹ yẹ ojú rírán rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó.