Ẹ mọ bọ́ọ̀dù kí ẹ tó ra kápúsù: ìdáhùn lórí maikirofóònù kọ̀ndẹ́ńsà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ṣàgámù ni mo wà, mo sì ní yàrá kékeré kan tí mo ti ń gba ohùn àwọn akéwì àti akọrin ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Maikirofóònù kọ̀ndẹ́ńsà méjì ni mo ń lò. Ọ̀kan jẹ́ irú BM-800 olówó pọ́ọ́kú. Nígbà tí mo tú u, ohun tí mo bá nínú rẹ̀ kò tóbi ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ, wáyà méjì ló sì so mọ́ ọn. Kápúsù èkejì, ìyẹn ojú tó ń gba ohùn, tóbi, ojú rẹ̀ ń dán bíi wúrà, síkúrù kékeré kan sì wà láàárín rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ló ti ń ta pàràpàrà, ìró ‘s’ àti ‘ṣ’ sì máa ń gún mi létí nínú rẹ̀. Ẹnì kan ní kí n ra kápúsù 34 mm tí wọ́n ń pè ní K47 sí méjèèjì. Ṣé ìmọ̀ràn náà dára? Báwo ni mo sì ṣe lè mọ irú èyí tó wà nínú tèmi?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì náwó. Ìmọ̀ràn yẹn lè wúlò fún maikirofóònù yín kejì, ṣùgbọ́n kò lè ṣiṣẹ́ fún ti àkọ́kọ́ rárá, nítorí pé ohun méjì tó yàtọ̀ síra ni àwọn ọlọ́jà ń pè ní kọ̀ndẹ́ńsà.

Ẹ fi ojú ìlù wo kápúsù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò yé yín. Awọ kan wà tí wọ́n fi ike ṣe, tí wọ́n fi wúrà fẹ́ẹ́rẹ́ bò lójú, tí wọ́n sì fà le síwájú àwo idẹ tí wọ́n lu ihò sí lára. Awọ yìí kò nípọn ju bí ìdá mẹ́ta sí mẹ́fà nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà kan lọ, àlàfo tó wà láàárín òun àti àwo náà kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Bí iná bá dúró láàárín awọ àti àwo, gbígbọ̀n tí ohùn ń mú awọ náà gbọ̀n ni yóò di àmì iná tí bọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó tí wọ́n to àwọn ẹ̀yà iná sí nínú maikirofóònù, ń gbé jáde. Ibi tí iná yẹn ti ń wá ló pín àwọn kápúsù níyà. Nínú kọ̀ndẹ́ńsà gidi, bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ló ń fi iná ránṣẹ́ sí kápúsù, ó sì sábà máa ń tó nǹkan bí 48 V sí 60 V. Nínú electret, èyí tí Gerhard Sessler àti James West ṣe ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1962, wọ́n ti ti iná mọ́ inú ike náà láti ilé iṣẹ́. FET kékeré tó ń gbé ohùn náà sókè nìkan ló nílò iná láti ìta.

Bọ́tìnnì tí ẹ rí nínú BM-800 yín, electret ni. FET rẹ̀ wà nínú agolo kan náà, ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ wáyà méjì péré. Bí ẹ bá gbé kápúsù ńlá tó dára jù lọ láyé sórí bọ́ọ̀dù yẹn, yóò kàn dákẹ́ ni, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò fún un ní iná. Bí ẹ bá fẹ́ tún ti àkọ́kọ́ yìí ṣe, electret mìíràn tó dára jù ú lọ ni kí ẹ wá, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á bóyá FET wà nínú rẹ̀, nítorí pé àwọn electret ńlá 25 mm kan wà tí kò ní. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀kan nínú ojú méjì tí ẹ máa jó lẹ́ẹ̀dì sí fara kan agolo rẹ̀. Òun ni ilẹ̀, ẹ má sì gbé e sódì.

Láti mọ̀ dájú pé kọ̀ndẹ́ńsà gidi ni èkejì, mítà ni ẹ máa fi wọn iná rẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Rẹsísítọ̀, ohun tó ń dí iná lọ́nà, tó tó 1 gigaohm (ẹgbẹ̀rún kan megohm) ni iná máa ń gbà kọjá kó tó dé kápúsù, bẹ́ẹ̀ ìdínà tó wà nínú mítà ọwọ́ wa kì í ju 10 megohm lọ. Bí ẹ bá fi ẹnu mítà kan kápúsù gan-an, mítà náà yóò fa iná yẹn wálẹ̀ débi pé 60 V yóò hàn bí ẹni pé kò tó 1 V, ẹ ó sì sọ pé bọ́ọ̀dù ti kú nígbà tí nǹkan kan kò ṣe é. Ìhà kejì rẹsísítọ̀ náà, níbi tí iná ti ń bọ̀, ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n.

Ní ti orúkọ, K47, K67, K87 àti CK12 tí wọ́n ń kọ sórí ọjà kì í ṣe ẹ̀rí pé ó dára; ìrísí ni wọ́n ń júwe. Ilé iṣẹ́ Neumann ti Jámánì ló ni àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́, ilé iṣẹ́ AKG ti Austria ló ni ìkẹrin, èyí tó wà nínú maikirofóònù C12 ti ọdún 1953. Ẹ wo ibi tí wáyà iwájú ti so mọ́ awọ: bí ó bá jẹ́ etí, tí kò sí síkúrù láàárín, ìdílé CK12 ni wọ́n ń fara wé. Bí ó bá jẹ́ àárín, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kí ẹ fi iná tọ́ọ̀ṣì wò ó. Àwo idẹ kan ṣoṣo tó ní awọ níwájú àti lẹ́yìn, K47 nìyẹn. Àwo méjì tí wọ́n dì pọ̀, tí ìlà sì hàn láàárín wọn, K67 ni. Bí wọ́n bá fi ohun tí iná kì í gbà kọjá ya àwo méjèèjì sọ́tọ̀, tí wáyà sì di mẹ́rin dípò mẹ́ta, ó ti di K87.

Ìyàtọ̀ yìí kan etí yín gan-an. K67 máa ń gbé ohùn òkè sókè, pàápàá ní àgbègbè 10 kHz, ó sì ní ìdí tí wọ́n fi gbà á láàyè: nínú maikirofóònù U67 ti Neumann tó jáde ní ọdún 1960, bọ́ọ̀dù náà ló ń rẹ òkè yẹn sílẹ̀, ohùn á sì tẹ́jú. Ọ̀pọ̀ maikirofóònù olówó kékeré ló gbé irú K67 lé orí bọ́ọ̀dù tí kì í rẹ ohunkóhun sílẹ̀. Fún èdè Yorùbá tiwa tí ‘s’ àti ‘ṣ’ pọ̀ nínú rẹ̀, ìyà ni: kí akéwì kan pe Ṣàgámù àti Ìṣarà tẹ̀léra, ẹ ó gbọ́ ohun tí mò ń wí. Bí tiyín bá jẹ́ irú èyí, K47 tí òkè rẹ̀ rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ yóò ràn yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ní tèmi, ẹ kọ́kọ́ fi míkísà rẹ ohùn náà sílẹ̀ ní 3 dB ní àgbègbè yẹn ná. Bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, owó yín ṣì wà lápò.

Pàràpàrà tó ń ta kò fi hàn pé kápúsù ti bàjẹ́. Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́, tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ fẹ́ gba orin Ojúde Ọba sílẹ̀, irú ẹjọ́ yìí ni wọ́n máa ń gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀rinrin tàbí ìdọ̀tí ọwọ́ ló sì sábà máa ń jẹ́. Ibi tí rẹsísítọ̀ 1 gigaohm wà, òógùn ìka lásán tó láti la ọ̀nà mìíràn fún iná. Ẹ kó maikirofóònù náà sínú ike tó ní ìdérí, pẹ̀lú àwọn àpò silica gel tí ẹ máa ń bá nínú páálí bàtà tuntun, fún ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọtí isopropyl nu àyíká FET lórí bọ́ọ̀dù, kó gbẹ dáadáa, ṣùgbọ́n kí ọtí má kan awọ. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ awọ náà, nítorí itọ́. Ẹ má sì gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn fọkanáísà pé kí wọ́n fi atẹ́gùn taya gbọn eruku rẹ̀, nítorí ó lè fà á ya.

Ẹ má fi irin ìjólẹ́ẹ̀dì kan síkúrù àárín náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi, mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí kápúsù oníbàárà kan. Ooru gba inú síkúrù wọlé, awọ sì rọ̀ yí i ká kí n tó gbé ọwọ́ kúrò. Èmi ni mo san án. Ẹ tú síkúrù náà, kí ẹ jó wáyà mọ́ òrùka rẹ̀ lórí tábìlì, kí ẹ tó dá a padà jẹ́jẹ́.

Bí ariwo náà kò bá lọ lẹ́yìn gbogbo èyí, tí míkísà kò sì rí ‘ṣ’ mú, ìgbà yẹn ni kí ẹ ra K47. Ẹ wọn ìbú ti àtijọ́ kí ẹ tó sanwó, nítorí pé 32 mm náà wà lọ́jà, kò sì ní dúró dáadáa nínú àga tí wọ́n gbẹ́ fún 34 mm.