Sólà, Ètò Ilé àti Iná Ọba: Èwo Ló Ń Mú Kí Ilé Gbówó Lórí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Èmi àti bàálé mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, a sì ń kọ́ ilé alájà kan sí ẹ̀yìn odi Ìbàdàn, fúláàtì oníyàrá mẹ́ta nísàlẹ̀, òmíràn lókè. Iṣẹ́ ti dé ibi tí káfíńtà yóò ti bẹ̀rẹ̀ òrùlé, owó tó kù lọ́wọ́ wa kò sì lè ká gbogbo nǹkan. Ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ká fi ra sólà, torí pé ilé tí kì í jẹ iná púpọ̀ máa ń níyì lọ́dọ̀ tiwọn. Ẹni tó ń bá wa kọ́lé ní ká fi ṣe POP àti táìsì tó rẹwà, pé òun ni ayálégbé ń wò. Bí a bá fẹ́ ta ilé yìí lọ́jọ́ iwájú, èwo ni owó rẹ̀ yóò padà wọlé nínú méjèèjì?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ilé o, màmá. Ẹ ó fi ẹsẹ̀ ire wọ̀ ọ́, ilé á sì tù yín lára. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí àwa tí a ń díye lé ilé àti ilẹ̀ máa ń wò, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ onílé ti ń ṣìnà. A kì í fi iye tí ẹ ná díwọ̀n iye tí ilé tó. Ohun tí a ń wá ni iye tí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe, tí nǹkan kan kò sì kán lójú, yóò fẹ́ san lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé ilé náà jáde fún títà. Ẹni bẹ́ẹ̀ yóò wo owó ilé tó lè máa wọlé lọ́dọọdún, yóò wo owó tí yóò máa bá àtúnṣe lọ, yóò sì wo iye ọdún tí ohun kọ̀ọ̀kan tó wà nínú ilé náà ṣì lè lò kó tó bàjẹ́. Bí mo bá fi ojú yẹn wo ìbéèrè yín, ara ilé fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé, kí káfíńtà tó gun òkè. Sólà lè tẹ̀ lé e, kí POP ṣìkẹta.

Ní ilẹ̀ wa, ògiri tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn ló ń jìyà oòrùn jù, torí pé lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá ti tẹ̀ sísàlẹ̀, tààrà ló ń bọ́ sára rẹ̀. Tí mo bá fẹ́ yẹ ilé wò, mo máa ń gbìyànjú láti débẹ̀ ní bíi aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, màá sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri náà látinú yàrá. Bí kò bá sí ìbòòji kankan fún un, gbígbóná ló máa ń gbóná, ẹ ó sì rí i pé wọ́n ti fa bẹ́ẹ̀dì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tàbí kí ìyá àwọn ọmọ sọ fún mi pé pálọ̀ ni gbogbo wọn ń sùn. Lórí ìwé, yàrá mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ní ti lílò, yàrá méjì ni. Ayálégbé kì í pẹ́ nírú ilé bẹ́ẹ̀, gbogbo oṣù tí ilé bá sì fi ṣófo láàárín ẹni tó kó jáde àti ẹni tó kó wọlé, dandan ni kí n yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí mo máa kọ.

Ògiri yín ti dúró, ẹ kò lè yí ojú ilé padà mọ́, ṣùgbọ́n ohun tó pọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí etí òrùlé jáde tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta yíká. Àṣà tó gbòde báyìí ni kí wọ́n mọ ògiri kékeré yí òrùlé po kí páànù má bàa hàn, kí ilé lè dà bí àpótí. N kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ó ń gba ìbòòji lọ́wọ́ fèrèsé, omi òjò sì máa ń dúró sẹ́yìn rẹ̀, títí yóò fi rí ọ̀nà jò sórí POP tí wọ́n ní kí ẹ fi owó yín ṣe yẹn. Ní ti fèrèsé, èyí tí wọ́n ń tì sí ẹ̀gbẹ́ kì í ṣí ju ìdajì lọ. Èyí tó ń ṣí síta bí ilẹ̀kùn ló ń jẹ́ kí gbogbo ojú rẹ̀ gba afẹ́fẹ́. Yàrá tó bá ní fèrèsé lára ògiri méjì, tí ọ̀kan kọjú sí gúúsù tàbí gúúsù-ìwọ̀-oòrùn níbi tí afẹ́fẹ́ wa ti ń fẹ́ wá ní ọ̀pọ̀ oṣù ọdún, fáànù á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o. Bí ẹ bá fẹ́ rí ohun tí mo ń wí, ẹ yà sí Yunifásítì Ìbàdàn. Láyé ìjọba àwọn òyìnbó ni Maxwell Fry àti Jane Drew, àwọn ayàwòrán ilé ará Gẹ̀ẹ́sì, yàwòrán àwọn ilé kan níbẹ̀. Àwọn ilé náà rí tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì gùn, kí afẹ́fẹ́ lè gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé kó sì gba ìkejì jáde, ògiri oníhò sì ń dènà oòrùn.

Iná ọba kò sí lọ́wọ́ yín, síbẹ̀ ó ń díye lé ilé yín bí ọ̀nà àti omi ṣe ń ṣe. Lóṣù kẹrin ọdún 2024, NERC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso iná mànàmáná, gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A láti nǹkan bíi ₦68 lọ sí ₦225 fún yúníìtì kan, lórí àdéhùn pé iná yóò wà fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́. Wákàtí 16 ni ti Band B, ti C jẹ́ 12, ti D jẹ́ 8, E sì jẹ́ 4. Láti ìgbà náà ni àwọn àgéńtì ti ń kọ Band A sínú ìpolówó ilé, bí àwọn tó ń wá ilé ṣe ń wá iná tó ṣeé gbára lé náà sì ni ẹ̀rù owó rẹ̀ ń bà wọ́n. Ẹ wo yàrá gbígbóná tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ̀rọ amúlétutù tó ń jẹ kílówáàtì kan bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ lóru, yúníìtì mẹ́jọ nìyẹn, ₦1,800 lórí ₦225 yẹn, ₦54,000 lóṣù fún yàrá kan ṣoṣo. Owó tí ayálégbé ì bá lè fi kún owó ilé yín ló ń bá mítà lọ yẹn.

Ká wá sí sólà. Mo mọ ìtura tó wà nínú rẹ̀, pàápàá láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, tí títan jẹnẹrétọ̀ sì di ohun tí ènìyàn ń rò lẹ́ẹ̀mejì. Ayálégbé yóò fowó kún owó fún un. Ká kàn sọ, fún àpẹẹrẹ, pé ó mú ₦200,000 wọlé lé owó ilé fúláàtì kọ̀ọ̀kan lọ́dún, ₦400,000 fún méjèèjì. Bí ẹni tó fẹ́ ra ilé bá ń wá èrè ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, tó sì gbà pé owó yẹn yóò máa wọlé títí láé, yóò tó ₦5,000,000 lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bátìrì ń gbó. Bí mo bá ka owó náà sí ti ọdún mẹ́wàá péré, tí í ṣe nǹkan bí ọjọ́ orí bátìrì lithium tó dára, iye rẹ̀ lónìí yóò wálẹ̀ sí nǹkan bíi ₦2,684,000. Bátìrì olómi kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ wá fi wé etí òrùlé àti fèrèsé: bí ìtura wọn bá mú kìkì ₦200,000 wọlé lé e lọ́dún fún fúláàtì méjèèjì, ₦2,500,000 ni, torí pé wọn yóò wà níbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ilé bá wà. Owó tí ẹ ó ná lórí wọn kéré púpọ̀ sí ti sólà.

Ẹni tó bá sì ra sólà ní sísan díẹ̀díẹ̀ tí kò tíì san án tán, gbèsè ni mo máa kà á sí. Òfin ní ohun tí a dè mọ́ ilé bá ilé lọ, ṣùgbọ́n ìjà pọ̀ lórí bátìrì àti ínfátà tí ènìyàn lè fà yọ ní alẹ́ ọjọ́ kan, nítorí náà ẹ kọ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ìwé títà nígbà tó bá yá, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì àti ìwé wáráńtì wọn.

Ọmọ yín kò parọ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, ilé kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fẹ́ tà tàbí fi háyà ní ìwé tó ń fi lẹ́tà A dé G sọ bó ṣe ń lo iná sí, láti oṣù kẹrin ọdún 2018 ni òfin sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dènà fífi ilé tó bá wà ní F tàbí G háyà. Òfin ló ń bá wọn polówó. Lọ́dọ̀ wa, ohun tí ayálégbé bá fọwọ́ kàn lọ́jọ́ tó wá wo ilé ni yóò polówó fún yín. POP àti táìsì ń jẹ́ kí ilé tètè rí ẹni gbà á, n kò kó wọn dànù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rà á lè fọ́ gbogbo rẹ̀ kó sì ṣe èyí tó wù ú.

Kí ẹ tó san owó páànù, ẹ ní kí ayàwòrán ilé jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ òrùlé kan kọjú sí gúúsù, kí ó má sì ga jù, kí sólà lè rí ibi jókòó sí nígbàkígbà tí owó bá dé. Ẹ má gbé tánkì omi síbi tí òjìji rẹ̀ yóò ti bọ́ sórí ẹ̀gbẹ́ náà, torí pé òjìji tó bo ẹyọ páńẹ́ẹ̀lì sólà kan lè fa agbára àwọn yòókù tí wọ́n so pọ̀ mọ́ ọn wálẹ̀. Kí oníná ti ri páìpù wáyà láti òrùlé wá sí yàrá kékeré kan tí kò sí níhà ìwọ̀ oòrùn, nítorí ooru a máa pa bátìrì, kí ó sì ṣe é kí wọ́n tó rẹ́ ògiri.