Ọjà tí wọ́n ti rà jù, ọjà tí wọ́n ti tà jù: ohun tójú mi rí

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí ìdá 70 nínú 100 àwọn ṣíà (ìpín tí èèyàn ń rà nínú ilé-iṣẹ́) tó ò ń ṣọ́ ti ń tà ju ìpíndọ́gba iye owó wọn fún 50 ọjọ́ lọ. O ní ọ̀gá kan lórí WhatsApp ti kéde pé wọ́n ti ra ọjà jù, ìyẹn ni pé owó ti gòkè jù tó sì lè já láìpẹ́, kí oníkálukú tà kó sì sá, o wá ń bèèrè bóyá kí ìwọ náà sá. Mo pè ọ́ ní àbúrò torí o ní ọdún tó kọjá lo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí agùnbánirọ̀. Nígbà tójú mi rí tèmi, jẹ́lé-ó-sinmi lo wà.

Yàtọ̀ sí ìdá 70 tìrẹ yẹn, ọ̀nà mìíràn tún wà láti mọ bóyá ṣíà tó ń gòkè pọ̀ ju èyí tó ń já lọ, kíkà rẹ̀ ò sì le. Lójoojúmọ́, ka iye ṣíà tó gbówó lórí, yọ iye tó já kúrò níbẹ̀, ro èyí tó kù pọ̀ mọ́ ti àná. Tọkọtaya kan ní Amẹ́ríkà, Sherman àti Marian McClellan, tún fi ìpíndọ́gba ọjọ́ 19 àti ọjọ́ 39 kún un lọ́dún 1969. Kọ̀ǹpútà á bá ọ ṣe ìyẹn, má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú.

Ìdí tá a fi ń kà á ló ṣe pàtàkì. Ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni ìyàwó mi ti ń ta àdìrẹ. Tí ṣọ́ọ̀bù ńlá mẹ́ta bá ń tà wàràwàrà tí gbogbo àwọn yòókù ń lé eṣinṣin, kò sí obìnrin Ìtòkú tó máa délé wí pé ọjà tà lónìí. Àmọ́ All-Share Index, òǹkà gbogbo ọjà ṣíà Nàìjíríà tí wọ́n ń ké nínú ìròyìn, máa ń wí bẹ́ẹ̀, torí bí ilé-iṣẹ́ bá ṣe tóbi tó ni ohùn rẹ̀ ṣe ń rinlẹ̀ tó nínú rẹ̀. Ní oṣù kìíní 2024 tó kọjá 100,000 fún ìgbà àkọ́kọ́, Dangote Cement wà lára àwọn tó gbé e gòkè jù. Nígbà tí ọdún yẹn fi máa parí, kò tíì tó 103,000. Ẹni tó sáré wọlé ní ìparí oṣù kìíní jókòó sójú kan fún oṣù mọ́kànlá.

Ní ti 2008, olùkọ́ ni mí. Oṣù kẹta ọdún yẹn, All-Share Index dé 66,371. Mo ti yá ₦350,000 nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, mo tún gba owó báńkì lé e lórí láti fi ra ṣíà. Bróòkà kan (ẹni tó ń báni ra ṣíà tó sì ń báni tà á) ní Òkè-Ìlèwó, oní-táì pupa, ló ní kí n fọkàn balẹ̀. Ni ọjà bá bẹ̀rẹ̀ sí í já. Mo ra ìwé olójú ewé 40. Bírò búlúù ni mo fi ń sàmì sí ṣíà tó gòkè, pupa fún èyí tó já, pẹ́ńsù fún èyí tí ò mira. Gbogbo alẹ́ ni mò ń kọ ọ́, tí wọ́n bá mú iná lọ, mo tan àtùpà. Nígbà tó fi máa di oṣù keje, àfi bí ẹni da epo pupa sójú ìwé.

Ní oṣù kẹjọ, àwọn tó ń darí ọjà gbé òfin jáde: ṣíà kankan ò gbọdọ̀ já ju ìdá 1 nínú 100 lọ lóòjọ́, àmọ́ ó lè gòkè dé 5. Wọ́n ní àwọn ń dáàbò bò wá. Ta ni wọ́n dáàbò bò? Ta ló máa ra ohun tó mọ̀ pé ọ̀la á tún já, ọ̀túnla á tún já? Àwa tá a fẹ́ tà tò bí ẹni tò sídìí ẹ̀rọ omi, ẹni tó máa rà ò sí. Lọ́sẹ̀ kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gun ọ̀kadà lọ bá bróòkà yẹn pé kó bá mi ta ṣíà mi. Ó ní: “Ó ti wà nílẹ̀, sà.” Ó ti wà nílẹ̀ lóòótọ́, ilẹ̀ náà ló wà.

Ibi tó pa mí nìyí. Tí ẹnikẹ́ni ò bá rà, ṣíà ò ní já, á kàn dúró gbagidi ni. Nínú ìwé mi, pupa ń dín kù, pẹ́ńsù ń pọ̀ sí i. Lọ́jọ́ tí mo ka pupa 11 péré nínú 60 tí mò ń ṣọ́, mo fò sókè. Mo ní títà ti rẹ̀ wọ́n, wọ́n ti ta ọjà yìí jù, ìgbà rírà dé. Mo gba ₦120,000 tí ìyàwó mi fẹ́ fi ra aṣọ funfun tí wọ́n máa rẹ láró, mo fi kún un. Kí ọdún yẹn tó parí, ọjà ti wà ní 31,000 àti díẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹta 2009, ó ti wọ abẹ́ 20,000. Báńkì ta ṣíà mi láìbi mí, wọ́n tún ní gbèsè kù lọ́rùn mi. Ọdún mẹ́rin ni mo fi san ti alájẹṣẹ́kù. Ìyàwó mi ò dárúkọ owó yẹn rí. Tí mo bá ṣáà ti ní mo fẹ́ ra nǹkan, á kàn wò mí ni.

Nítorí náà, àwọn tí ò mira ni kó o kọ́kọ́ máa wò. Lọ́jà tiwa, ọ̀pọ̀ ṣíà ló wà tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn lóòjọ́, yọ wọ́n kúrò kó o tó ṣírò ìdá tó gòkè tàbí tó já. Má sì gba ọjọ́ kan ṣoṣo gbọ́, ro ọjọ́ mẹ́wàá pọ̀. Kó o sì wo iye owó tó yí lọ́jọ́ náà, torí pupa tó dín kù láìsí owó níbẹ̀, irọ́ ni.

  

Ó dáa, ìbéèrè rẹ. Ìdá 70 kì í ṣe aago títà. Ọjà tó gbóná lè gbóná fún oṣù púpọ̀. Ní New York, iye ṣíà tó ń gòkè ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀yìn láti oṣù kẹrin 1998, síbẹ̀ S&P 500 (òǹkà àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà) ò wó títí di oṣù kẹta 2000. Ẹni tó bá ọ̀gá bíi ti WhatsApp yẹn sá lọ́jọ́ kìíní fi èrè ọdún méjì sílẹ̀. Èmi kì í tà torí pé ó dé 70. Tó bá ti kúrò lókè tó ń sọ̀ kalẹ̀, tí All-Share Index sì ṣì ń lọ sókè, ìgbà yẹn ni mo máa ń ta ìdá kan nínú mẹ́ta. Tó bá wá já sí abẹ́ 30, mi ò kì í rà títí á fi yíjú padà, tí owó á sì máa bá a gòkè.

O ò sọ bóyá owó ara rẹ lo fi rà á àbí o yá a. Tó bá jẹ́ pé o yá a, gbàgbé gbogbo òǹkà tí mo kà sókè yìí, lọ ta iye tó máa san gbèsè náà lọ́la. Tó bá jẹ́ tìrẹ, ya fọ́tò òǹkà ọjọ́ mẹ́wàá tó kẹ́yìn kó o fi síbí. Má yọ àwọn tí ò mira kúrò níbẹ̀ o, àwọn gan-an ni mo fẹ́ wò.