Kí o tó pín ìwé ìbéèrè, lọ wo bí iṣẹ́ wọn ṣe ń lọ

Àbúrò mi, mo ti ka ìbéèrè rẹ. O ní o fẹ́ ṣèwádìí fún oyè kejì rẹ lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ran àwọn tó jọ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Súpáfáísọ̀ rẹ ní kí o pín ìwé ìbéèrè fáwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan, kí o ṣírò ìdáhùn wọn, ó parí. O wá ń béèrè bóyá ó di dandan kí o mọ bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù. Irú iṣẹ́ yìí lèmi náà ṣe, ní ilé ìwòsàn ńlá kan, lórí bí àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà ṣe ń lo àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà. Ojú mi rí màbo kí n tó gboyè, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè kà á kí n sì dákẹ́.

CSCW (Computer-Supported Cooperative Work, ìyẹn iṣẹ́ àjọṣe tí kọ̀ǹpútà ń ràn lọ́wọ́) lorúkọ tí wọ́n ń pe ẹ̀ka ìmọ̀ yìí. Òun ni kí o fi wá ìwé kà, torí ọ̀rọ̀ míì á kàn gbé ọ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń polówó ọjà. Irene Greif àti Paul Cashman ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ ní 1984, nígbà tí wọ́n pe àwọn onímọ̀ láti ẹ̀ka lóríṣiríṣi jọ láti jíròrò bí àwọn èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀ gan-an àti ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe sí i. Àpérò ńlá àkọ́kọ́ wáyé ní Austin, ní ìpínlẹ̀ Texas, ní 1986. Fi ìtàn yẹn sọ́kàn, wàá nílò rẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò. Wíwá àkòrí, kíkọ àbá, ètò ìwé kíkà, ìyẹn ò le, wàá mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìbéèrè yẹn ló ká mi lára. Bí o bá bi nọ́ọ̀sì bóyá ó máa ń tẹ ohun tó ṣe fún aláìsàn sínú kọ̀ǹpútà lójú ẹsẹ̀, á fàmì sí bẹ́ẹ̀ ni, torí ohun tí òfin ilé ìwòsàn wí nìyẹn. Ohun tí mo fojú ara mi rí yàtọ̀. Nọ́ọ̀sì kan wà tó máa ń ká bébà kan sí mẹ́rin, tó máa ń fi í sápò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tó bá ṣe ló ń kọ síbẹ̀: ìwọ̀n ìfúnpá, aago tó fúnni lóògùn, ẹni tí kò rí oorun sùn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ lé lórí, á fa ìlà sábẹ́ orúkọ onítọ̀hún. Ìgbà tí iṣẹ́ bá ku díẹ̀ kó parí ló tó ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, tí á wá tẹ gbogbo rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹni tó fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bá dé, bébà yẹn làwọn méjèèjì á jọ tẹjú mọ́. Ẹnì kejì á fọwọ́ lé ìlà náà, á ní, "Kí ló ṣe èyí?" Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gidi ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìlà yẹn kò sí nínú kọ̀ǹpútà, kò sì sáyè tí wọ́n lè fà á sí níbẹ̀.

Àwọn tó ṣáájú wa náà rí irú rẹ̀. Ní 1992, àwọn olùwádìí Yunifásítì Lancaster ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé iṣẹ́ wọn jáde lórí àwọn tó ń jókòó sórí ilẹ̀ darí àwọn ọkọ̀ òfuurufú tó wà lókè. Bébà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń lò, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọkọ̀ kan. Bí ọkọ̀ kan bá fẹ́ àmójútó, wọ́n á fa bébà tirẹ̀ yọ díẹ̀ kúrò lórí ìlà, ẹni tó bá gbójú síbẹ̀ á ti mọ̀. Lọ́dún kan náà, àwọn olùwádìí méjì, Christian Heath àti Paul Luff, ṣàlàyé ohun tó ń lọ nínú yàrá tí wọ́n ti ń darí ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní London. Ẹni tó ń darí ọkọ̀ ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹni tó ń ṣe ìkéde fáwọn èrò ń tẹ́tí sí i láìjẹ́ pé ó wo ọ̀dọ̀ rẹ̀, á sì ti mọ ohun tó kàn kó tó di pé wọ́n sọ fún un. Ìwé ìbéèrè wo ló máa mú ìyẹn jáde?

Ohun kan tún wà tí Jonathan Grudin, onímọ̀ kan nínú ẹ̀ka yìí, sọ ní 1988 tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ó ní ọ̀pọ̀ irú ètò kọ̀ǹpútà báyìí ń forí ṣánpọ́n torí pé ẹni tó ń ṣe àfikún iṣẹ́ kọ́ ló ń jèrè rẹ̀. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni kàlẹ́ńdà orí kọ̀ǹpútà tó ń bá ọ̀gá wá àkókò ìpàdé: gbogbo èèyàn ní láti máa tẹ ètò ọjọ́ wọn sí i, ẹni tó pe ìpàdé ló ń jẹ̀gbádùn. Ohun tí mo bá ní wọ́ọ̀dù gan-an nìyẹn. Nọ́ọ̀sì ló ń tẹ̀, ọ́fíìsì òkè ló ń fi í ṣe ìròyìn. Níbikíbi tí o bá lọ, béèrè pé ta ló ń tẹ̀ ẹ́, ta ló ń lò ó.

Ibi tó dùn mí jù ni gbígba ìyọ̀ǹda láti ṣèwádìí. Ìgbìmọ̀ méjì ló wà, ti yunifásítì àti ti ilé ìwòsàn. Ti yunifásítì ní àfi kí lẹ́tà ilé ìwòsàn kọ́kọ́ dé. Ti ilé ìwòsàn ní àfi kí ti yunifásítì ṣáájú. Àárín wọn ni mo wà, wọ́n ń fòní dónìí, wọ́n ń fọ̀la dọ́la. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún mi, àwọn tó ń dán oògùn wò ni wọ́n ṣe é fún. Ó ń bi mí pé ẹ̀jẹ̀ tó tó báwo ni mo fẹ́ gbà lára èèyàn. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò kan iṣẹ́ mi, wọ́n dá a padà, wọ́n ní mi ò dáhùn tán. Wọ́n ní kí n kọ gbogbo ìbéèrè tí mo máa bi èèyàn sílẹ̀ ṣáájú, èmi tí mo fẹ́ lọ dúró kí n máa wò. Wọ́n tún ní kí gbogbo ẹni tó bá gba wọ́ọ̀dù náà kọjá fọwọ́ síwèé, títí kan àwọn tó wá kí aláìsàn. Mo bi akọ̀wé wọn bí ìyẹn ṣe fẹ́ ṣeé ṣe, ó ní alága rìnrìn àjò. Nígbà tí ìwé ìyọ̀ǹda wá jáde, ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i pé yóò parí ti sún mọ́lé. Ibi tí mo ti ń dúpẹ́ pé ó kúkú jáde, wọ́n gbé ọ̀gá wọ́ọ̀dù lọ síbòmíì, ọ̀gá tuntun ní òun ò mọ̀ mí rí, kí n lọ mú lẹ́tà mìíràn wá.

Mi ò sọ pé kí wọ́n má dáàbò bo aláìsàn o. Ó tọ́, ó yẹ. Àmọ́ wọn ò bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo lórí ewu gidi tó wà nínú irú iṣẹ́ yìí, ìyẹn ni pé kí ohun tí òṣìṣẹ́ fi hàn mí dé etí ọ̀gá rẹ̀.

Nítorí náà, ọjọ́ kan náà ni kí o fi ìwé sílẹ̀ níbi méjèèjì, kí o sì bẹ ọ̀kan nínú wọn kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun gbà bí ẹnì kejì bá ti lè gbà. Kọ irú ohun tí o máa wò, àti èyí tí o kò ní kọ sílẹ̀ láé, bí orúkọ aláìsàn. Fún àwọn tó ń kọjá, ní kí wọ́n jẹ́ kí o lẹ ìkéde mọ́ ẹnu ọ̀nà. Gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tó ju ọ̀gá wọ́ọ̀dù lọ, kó má bàa jẹ́ orí ẹnì kan ni gbogbo rẹ̀ dúró lé.

Ọ̀gá kan pè mí sí ọ́fíìsì, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n dárúkọ àwọn tí kì í lo kọ̀ǹpútà bó ṣe yẹ. Mo kọ̀. Bí o bá dárúkọ ẹyọ ẹnì kan, iṣẹ́ rẹ ti bàjẹ́, èèyàn sì lè tipa bẹ́ẹ̀ pàdánù iṣẹ́. Nínú ìwé rẹ pàápàá, má kọ "nọ́ọ̀sì ọkùnrin" bó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Gúrúùpù WhatsApp òṣìṣẹ́ náà ńkọ́? Pé wọ́n fi ọ́ sínú rẹ̀ kò ní kí o máa da ọ̀rọ̀ wọn kọ.

Lọ́jọ́ ìdánwò, onímọ̀ kan bi mí pé, "Èèyàn mélòó lo wò? Tábìlì rẹ dà?" Wọ́n á bi ìwọ náà. Ìgbà yẹn ni kí o rán wọn létí pé láti 1984 ni ẹ̀ka yìí ti ń wo bí èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́, pé wíwò ló fi ọ̀rọ̀ bébà àwọn adarí ọkọ̀ òfuurufú hàn. Bí súpáfáísọ̀ rẹ bá takú, ṣe méjèèjì: kọ́kọ́ lọ wò, kí o wá fa ìwé ìbéèrè yọ nínú ohun tí o rí.

Kóòdù kò di dandan, àfi bí o bá fẹ́ ṣe ẹ̀rọ tuntun. Ṣùgbọ́n gbàṣẹ láti wo àkókò tí kọ̀ǹpútà fi pa mọ́ fún ohun kọ̀ọ̀kan tí wọ́n tẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé iṣẹ́ odindi òwúrọ̀ wọlé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, èyí sì bá bébà alápò yẹn mu rẹ́gí.

O kò sọ irú ilé iṣẹ́ tí o fẹ́ lọ. Bó bá jẹ́ ilé ìwòsàn, lọ gba fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí o tó kọ orí kìíní.